Lékeléke àti Pẹ́ńgúìnì: Ìrìn-Àjò sí Erékùṣù Àwọn Ẹyẹ Òkun

Kò sí ọmọ Yewa tí kò mọ lékeléke. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí àwọn darandaran bá ń da màlúù gba ọ̀nà Imẹ̀kọ àti Ayétòrò kọjá, ẹyẹ funfun náà yóò máa tẹ̀ lé ẹran lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, yóò máa ṣa tata àti kòkòrò tí pátákò màlúù bá lé dìde nínú koríko. Àwọn ọmọdé a máa na ọwọ́ sí i, wọn a sì máa tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá di púpọ̀, yóò gba ìhà Àríwá lọ láti lọ yé ẹyin, kí ó sì pa ọmọ níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ti rí lékeléke ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkàn sí. Ní erékùṣù South Georgia, ní ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti bo orí òkè láti ọdún dé ọdún, wọ́n a máa bá lékeléke tí ẹ̀fúùfù gbé ṣìnà wá síbẹ̀. Kò sí màlúù níbẹ̀, kò sí tata. Ebi àti òtútù ni ó sábà máa ń pa á. Bí lékeléke ṣe dé ìhà ibẹ̀ pàápàá jẹ́ ìtàn. Ọmọ Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà ni ẹyẹ yìí láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀ ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tí ó dì í sínú àgò gbé e lọ. Apá ara rẹ̀ ni ó fi sọdá òkun. Nígbà tí ó di ọdún 1941, ó ti dé Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1953 wọ́n rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹyẹ tí ó ń tẹ̀ lé màlúù ní Ayétòrò ní ìbátan tí ó ń tẹ̀ lé màlúù ní Brazil.

Àwọn tí ó ni South Georgia gan-an ni àwọn ẹyẹ òkun àti pẹ́ńgúìnì, ẹyẹ tí kò lè fò rárá, tí ó ń fi apá rẹ̀ wẹ̀ lábẹ́ omi bí ẹja. Àwọn ènìyàn kan sì wà tí wọ́n ń san owó gọbọi láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò wọ́n. Owó náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kan lè fi owó oṣù rẹ̀ ti ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́ kí ó má tó o. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò ni pé: kí ni wọ́n lọ wò, ṣé ìwòran yìí ń ran àwọn ẹyẹ náà lọ́wọ́ ni tàbí ó ń pa wọ́n lára, kí sì ni ó kan ọmọ Ìlaró nínú rẹ̀?

Lars-Eric Lindblad, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ni ó là ọ̀nà náà. Ní ọdún 1966 ó kó àwọn arìnrìn-àjò, tí kì í ṣe atukọ̀, tí kì í sì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀, lọ sí Áńtákítíkà nínú ọkọ̀ tí ó yá lò. Ní ọdún 1969 ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, Lindblad Explorer, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Ọkọ̀ yìí fi nǹkan bí ogójì ọdún na òkun yìnyín náà kí ó tó di ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2007, nígbà tí yìnyín lu ìhà rẹ̀ nítòsí erékùṣù South Shetland, tí ó sì rì. Ènìyàn 154 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn kó gbogbo wọn láàyè.

Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jọ àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ó dà bí ilé ìtura lórí omi. Èrò inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún tàbí igba, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ àti òkúta sì máa ń bá wọn lọ láti ṣe àlàyé. Bí wọ́n bá dé ẹ̀bá erékùṣù, kò sí èbúté; inú ọkọ̀ onírọ́bà ni èrò yóò sọ̀ sí, wọn yóò sì rin omi dé ilẹ̀. Ní ọdún 1991 àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe òwò yìí ní Áńtákítíkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi òfin de ara wọn. Ènìyàn kò gbọdọ̀ ju 100 lọ lórí ilẹ̀ ní ibì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tí èrò rẹ̀ bá ju 500 lọ kò gbọdọ̀ sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀ rárá. Ènìyàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ pẹ́ńgúìnì ju mítà 5 lọ. Bí pẹ́ńgúìnì fúnra rẹ̀ bá rìn wá, ó di dandan kí àlejò dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n a fọ bàtà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n a tún fọ̀ ọ́ bí wọ́n bá padà, nítorí pé hóró koríko kan ṣoṣo tí ó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lè hù ní ilẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọ̀nà kan wà tí ó súnmọ́ wa díẹ̀ nínú àwọn ìrìn-àjò yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ìhà Gúúsù ayé bọ́ sí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Bí òtútù bá ti fẹ́ dé níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ náà ní láti padà sí ìhà Àríwá ayé níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ọkọ̀ máa lọ lófìfo, wọ́n a ta àyè inú rẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ràn ẹyẹ. Láti Ushuaia ní ìsàlẹ̀ Ajẹntínà ni wọn yóò ti gbéra. Wọn yóò yà sí South Georgia, lẹ́yìn náà Tristan da Cunha, lẹ́yìn náà St Helena àti Ascension, kí wọ́n tó forí lé Cape Verde níwájú ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà. Gbogbo erékùṣù wọ̀nyí wà ní àárín òkun kan náà tí ó ń fọ́ sí èbúté Àgbádárìgì.

Ní St Andrews Bay ní South Georgia, tọkọtaya pẹ́ńgúìnì ọba bíi 150,000 ni ó máa ń péjọ. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Ayétòrò ní ọjọ́ tí ó kún lè fi òye gbé ariwo náà, ṣùgbọ́n kí ó fi òórùn kún un. Ẹyin ẹyọ kan ni abo máa ń yé. Kò sí ìtẹ́. Orí ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹyin lé, tí wọ́n á sì fi awọ ikùn bò ó, akọ àti abo ní àṣegbà, fún nǹkan bí ọjọ́ 54. Ó máa ń gbà ju ọdún kan lọ kí ọmọ tó lè dá wọ òkun. Ìyẹ́ ọmọ náà jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, ó sì rí bùkù-bùkù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn atukọ̀ àtijọ́ fi rò pé ẹ̀yà ẹyẹ mìíràn ni. Bí ìyá bá ti inú òkun dé pẹ̀lú oúnjẹ nínú òfóró, ohùn ni yóò fi mọ ọmọ tirẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò jẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìran yìí ni àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n ìtàn ibẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1904 ni wọ́n ti kọ́ ibùdó ìpa àbùùbùtán sí Grytviken ní South Georgia. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò yìnyín nì, sí ní ọdún 1922. Àwọn ọkọ̀ tí ń pa ẹran omi kó eku wá láìmọ̀. Eku sì jẹ ẹyin, ó jẹ ọmọ ẹyẹ, títí àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ń yé ẹyin sí ihò ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Láàárín ọdún 2011 sí 2015 ni wọ́n fi hẹlikọ́pítà fọ́n májèlé eku sí gbogbo ibi tí eku wà ní erékùṣù náà. Nínú owó tí wọ́n ná, ọ̀pọ̀ ni ó ti ọwọ́ àwọn arìnrìn-àjò wá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 wọ́n kéde pé kò sí eku mọ́. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ìwòran ẹyẹ kò wúlò fún ẹyẹ ní láti dáhùn èyí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tristan da Cunha yàtọ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 300. Wọn kò ní pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ sì máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan láti Cape Town kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 1961 òkè oníná bú gbàmù lẹ́yìn abúlé wọn, wọ́n sì kó gbogbo wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọdún 1963, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ní àwọn ń padà sílé. Irú ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí ilẹ̀ baba rẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti Ìlaró lọ gbé Èkó. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2011, ọkọ̀ akẹ́rù kan, Oliva, tí ó ń kó sóyà láti Brazil, kọlu erékùṣù Nightingale tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkọ̀ arìnrìn-àjò ẹyẹ kan wà nítòsí. Ó wà lára àwọn tí ó ran òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà, ènìyàn 22, lọ́wọ́ tí wọ́n fi là. Epo ọkọ̀ náà tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 1,000 dà sínú òkun. Àwọn ará erékùṣù náà kó pẹ́ńgúìnì tí epo ti ba ìyẹ́ wọn jẹ́ wá sílé, nǹkan bí 3,700. Inú ilé ìkẹ́rù ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n tiẹ̀ sọ odò ìwẹ̀ abúlé di ibùgbé ẹyẹ. Tọmọdé tàgbà ni ó ń fọ ẹyẹ, tí ó ń fún un ní ẹja jẹ. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, bíi ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni ó yè.

Ẹni tí ó mọ ohun tí epo rọ̀bì ti ṣe ní àwọn odò Niger Delta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ìyẹ́ ẹyẹ òkun dà bí aṣọ òjò. Bí epo bá ti kàn án, omi tútù yóò wọlé dé ara. Bí ẹyẹ bá sì fẹ́ fi ẹnu tún ìyẹ́ náà ṣe, yóò gbé epo mì.

Ní erékùṣù Gough, tí ó wà ní gúúsù Tristan, ọ̀tá tí ó wà níbẹ̀ kéré jọjọ: eku ilé lásán. Eku wọ̀nyí ń jẹ ọmọ albatross láàyè nínú ìtẹ́, ọmọ ẹyẹ tí ó fi ìlọ́po púpọ̀ tóbi ju eku lọ. Ẹyẹ náà kì í jà, nítorí pé kò sí ẹran abìjàwàrà kankan níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ tí ì bá kọ́ ọ ní ìjà. Ní ọdún 2021 wọ́n fọ́n májèlé bí ti South Georgia. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, eku kan fi ojú hàn. Eku kan yìí sì tó láti fi hàn pé iṣẹ́ náà kò yọrí.

St Helena kì í ṣe ti ẹyẹ nìkan. Láàárín ọdún 1840 sí 1872, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 25,000 ọmọ Áfíríkà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú wá sí erékùṣù yìí. Nǹkan bí 8,000 ni ó kú tí wọ́n sì sin sí àfonífojì Rupert. Nígbà tí wọ́n ń múra àtikọ́ pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n hú egungun àwọn 325 jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ìhà Kóńgò àti Àńgólà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà, láti Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́, ni òwò yìí gbà kó àwọn ọmọ Ẹ̀gbádò lọ, àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Yewa láti ọdún 1995. Kò yẹ kí arìnrìn-àjò kankan kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwòran lọ́rùn láìdúró.

Ní Ascension, ológbò tí àwọn ènìyàn kó wá ni ó lé àwọn ẹyẹ kúrò ní ilẹ̀, tí wọ́n fi sá lọ sórí àpáta kékeré kan lẹ́bàá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti kó ológbò ìgbẹ́ kúrò tán, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2006, ọdún mẹ́fà ni ó tún kọjá kí ẹyẹ frigatebird tó padà wá yé ẹyin sí ilẹ̀ baba rẹ̀ ní ọdún 2012.

Àwọn kan rò pé inú yìnyín nìkan ni pẹ́ńgúìnì ń gbé. Pẹ́ńgúìnì kan wà tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà pátápátá, ní etíkun Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà. Ní erékùṣù Robben, níbi tí wọ́n ti fi Nelson Mandela sí ẹ̀wọ̀n, ó ń pamọ níbẹ̀. Ní Boulders nítòsí Simon's Town, tọkọtaya méjì ni ó kọ́kọ́ dé ní ọdún 1982, àwọn àlejò sì ń rọ́ lọ wò wọ́n láìwọ ọkọ̀ òkun. Ẹyẹ yìí ti jìyà. Wọ́n kó ẹyin rẹ̀ tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ha ìgbẹ́ ẹyẹ tí ó fi ń gbẹ́ ihò ìtẹ́ lọ ṣe ajílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000 ọkọ̀ Treasure rì, epo sì ba pẹ́ńgúìnì tí ó tó 19,000 jẹ́. Wọ́n kó iye tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí epo kò tíì kàn, lọ tú sílẹ̀ nítòsí Port Elizabeth kí òkun ilé wọn lè mọ́ kí wọ́n tó wẹ̀ padà dé. Èyí ṣe é ṣe. Ohun tí kò rọrùn ni ti oúnjẹ: sardine àti anchovy tí ẹyẹ ń jẹ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ja ńlá ń kó. Ní ọdún 2024 wọ́n fi pẹ́ńgúìnì Áfíríkà sínú àwọn tí ó wà ní bèbè ìparun; tọkọtaya rẹ̀ kò tó 10,000 mọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ilé ẹjọ́ gíga kan ní Gúúsù Áfíríkà fi àṣẹ sí àdéhùn pé kí wọ́n má pa àwọn ẹja wọ̀nyí nítòsí ibùgbé pẹ́ńgúìnì mẹ́fà fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn alátakò ìrìn-àjò ẹyẹ ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní èéfín ọkọ̀ ń mú ayé gbóná, yìnyín sì ń yọ́ nítorí rẹ̀. Pé ẹni tí ó fẹ́ràn pẹ́ńgúìnì kì bá jókòó sílé. Wọ́n ní ènìyàn ni ó kó eku, ológbò àti hóró koríko lọ. Òtítọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, àrùn adìyẹ H5N1, irú èyí tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2006, fi ara hàn ní South Georgia; àwọn ẹyẹ tí ń fò láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà pé ó gbé e wá, síbẹ̀ wọ́n ti àwọn ibì kan mọ́ àlejò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹjọ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ọkọ̀ ẹlẹ́rù àti ọkọ̀ ẹlẹ́ja ni ó pa ẹyẹ jù. Kò sí ẹni tí ó fọ bàtà Oliva kí ó tó kọjá.

Nípa ti ọmọ Ìlaró, kò pọn dandan kí ó dé Ushuaia. Àwọn erékùṣù méjì kan wà tí wọ́n ń pè ní Tinhosas, ní gúúsù Príncipe, àpáta gbígbẹ tí ènìyàn kò gbé. Ibẹ̀ ni agbo ẹyẹ òkun tí ó tóbi jù ní inú Òkun Gínì yìí ti ń pamọ. Ní ọdún 2006 wọ́n fi í sí abẹ́ àdéhùn Ramsar tí ń dáàbò bo ilẹ̀ olómi. Láti Èkó sí Príncipe kò ju nǹkan bí kìlómítà 700 lọ bí ẹyẹ ti ń fò. Ó sún mọ́ Èkó ju Kánò lọ. Olùkọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ tí ó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí máàpù níwájú kíláàsì yóò rí bí ẹnu ti máa ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ iléẹ̀kọ́ wà tí ó lè ya pẹ́ńgúìnì láti inú ìwé álífábẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín àkókó àti àgbìgbò. Àwọn agbẹ́gilére Kétu àti Yewa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ń gbé lé orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní orúkọ, ó ní ìṣe, ó sì ní ìdí tí ó fi wà níbẹ̀.

Odò Yewa ń ṣàn lọ sí ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀sà náà kò sì jìnnà sí òkun. Ní etíkun yẹn, nígbà ọyẹ́, àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní tern máa ń wà, tí wọ́n sá fún òtútù Yúróòpù. Wọn kò fi ìwé ìrìnnà han aṣọ́bodè kankan ní Ìdìrókò. Ní Gánà, àwọn ọmọdékùnrin ń fi okùn dẹ wọ́n nígbà kan, títí ìjọba ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹyẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò ní ọdún 1985, tí wọ́n sì mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ẹyẹ kan nínú wọn ní òrùka irin lẹ́sẹ̀. Nọ́mbà wà lára òrùka náà, àdírẹ́sì ibi tí a lè kọ̀wé sí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jù ú nù. Kí ó kọ nọ́mbà náà, ibi tí ó ti rí i àti ọjọ́ tí ó rí i, kí ó sì fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè dé Àgbádárìgì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lékeléke: ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ bá dé pápá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn òjò, iye tí ó tẹ̀ lé agbo màlúù kan, àti ọjọ́ tí èyí ìkẹyìn bá gba ìhà Àríwá lọ.